Orúkọ Tí Zulaikha Sọ Àlùfáà

Ẹnu mi kò pe orúkọ ọkùnrin yìí rí títí di òní. Ìyàwó ilé ni mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ẹni tí mo bá nínú ilé yẹn, àgbà wọn, èwe wọn, títí dórí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọkọ mi ni wọ́n. Ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Àmọ́ ọwọ́ ni mo fi ń kọ èyí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìwé tí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì àgbàlagbà. Ẹnu mi kò sí níbẹ̀. Israfil lorúkọ rẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé báyìí.

Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé láti Ọ̀yọ́, ọmọdé tí kò tíì máa wọ ṣòkòtò ni Israfil. Àṣà wa ni pé kí ìyàwó wá orúkọ tirẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá nílé, orúkọ dídùn, tí yóò máa fi pè é títí ayé. Èmi sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, torí eyín ọmọ náà funfun ju owó ẹyọ lọ. Ká ní mo mọ ohun tí eyín yẹn máa dà ni! Obì ti sọ ọ́ di pupa, ó tún sọ ọ́ di dúdú. Èérún obì kì í kúrò ní igun ẹnu rẹ̀, tó bá sì ń wàásù, àwọn tó jókòó níwájú ló ń fi ojú gbà á. Síbẹ̀ náà, Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Mo ti fún un, mi ò lè gbà á padà.

Àbúrò rẹ̀ ni Gàfárù. Gàfárù bá ọ̀pọ̀ èèyàn wa lọ sí Gánà, ó ń tajà ní Tàmalè títí ìjọba ibẹ̀ fi ní kí àwọn àlejò kó jáde lọ́dún 1969. Ẹni tó bá wà ní Takie, àárín ìlú wa, nígbà yẹn kò lè gbàgbé. Lọ́rì ń já wọn sílẹ̀ bí ẹni ń da erùpẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìkòkò kan lọ́wọ́, ẹlòmíràn kò ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Gàfárù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó. Zulaikha ni ìyàwó náà. Ọmọ Tàmalè ni, ìyá rẹ̀ Dàgómbà, bàbá rẹ̀ Hausa tó ń ta màlúù. Òun kọ́ ni wọ́n lé o. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n lé, ó sì tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. Rédíò kan ló gbé mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

Ọjọ́ yẹn gan-an làwọn ará ilé wa sọ ọ́ ní Ará Gánà, bí ẹni pé kò lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó bímọ fún wọn, Ará Gánà. Ó gbọ́ Yorùbá débi tó ń fi tiwa bú wa, Ará Gánà. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé bí ajá nílùú onílùú, àwọn náà ló ń fojú àlejò wo obìnrin tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ wọn. Ó ń kó mi nírìíra nígbà yẹn, ó ṣì ń kó mi nírìíra.

Gàfárù gba ṣọ́ọ̀bù ní Takie, ó ń tún rédíò ṣe. Zulaikha ń jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, obìnrin yìí ta ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù tí ìyá rẹ̀ fi sìn ín láti Tàmalè, ó fi ra rẹ́kọ́dà ńlá kan, irú èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù, torí náà ẹnikẹ́ni ò lè purọ́ fún mi nípa ẹni tó ni ẹ̀rọ náà.

Iṣẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ rọrùn. Ọ̀pọ̀ ìyá nílùú wa ni ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi, ní Jọ́ọ̀sì, ní Àbíjàn, tí wọn ò mọ̀ ọ́n kọ tí wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Ìyá kan á wá láti Ìkòyí-Ilé, Zulaikha á gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́." Ìyá á kọ́kọ́ máa wo ẹ̀rọ bí ẹni wo ejò. Tó bá yá, á wá bú ọmọ náà, á sunkún, á ki oríkì rẹ̀, á tún bú u. Wọ́n á fún onímọ́tò gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn ará odi fẹ́ gbọ́ ju ohùn ìyá wọn lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn kún un: ta ló kú, ta ló gbé ìyàwó, òrùlé ta ni òjò ká lọ, èló ni wọ́n ń ta iṣu ní Ọjà Igbó. Ó sọ ọ́ ní Kásẹ́ẹ̀tì Ilé. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí, á rọra fa ọ̀rọ̀ gùn bí àwọn ará Tàmalè:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ fetí sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o."

Àwọn ọmọdé Takie a máa sín in jẹ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ní Àbíjàn, bí wọ́n bá ti gbọ́ "Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o" yẹn, àgbà ọkùnrin a máa nu ojú.

Nígbà tí Gàfárù kú, kò pẹ́ tí opó ṣíṣe parí tí Israfil fi wá. Mo wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, epo ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ahọ́n wá ẹran nínú eyín. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ tó kú, ó ní, "Zulaikha, ilé àbúrò mi ò gbọdọ̀ ṣófo."

Zulaikha ní, "Kò ṣófo, Bàbá. Rẹ́kọ́dà wà níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn ń dùn mí. Israfil kò rẹ́rìn-ín. Ó rí ẹran náà láàárín eyín rẹ̀, ó fi ìka yọ ọ́, ó wò ó, ó tún dá a padà sẹ́nu. Ó dìde, ó lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán níbẹ̀.

Zulaikha fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ó ń gba wáásí àwọn àlùfáà sílẹ̀, ó ń tà á ní Takie, ó ń kó o lọ fún Bọ́lánlé, ọmọ àbúrò mi, tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì Ọwọ́dé ní Ọ̀yọ́. Owó rẹ̀ ni Zulaikha fi ń rán Bushrah ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Èmi a máa jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, mo ń bó ẹ̀gúsí, mo sì ń gbọ́ gbogbo nǹkan.

Ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ ọdún 1988 bẹ̀rẹ̀ ni Israfil tún wọlé. Ó ti rí i pé àwọn àlùfáà tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè káàkiri. Ó ní kí Zulaikha máa tẹ̀lé òun lọ gba wáásí òun sílẹ̀.

"Kò burú, Bàbá."

"Kó o sì pe orúkọ mi dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Kó dún. Pe ti bàbá mi mọ́ ọn."

Zulaikha wojú mi. Ó ní, "Ìyálé, ṣé kò léèwọ̀?"

Kí n tó lanu, Israfil ti ju ọwọ́ dànù. "Èèwọ̀ wo? Iṣẹ́ Ọlọ́run ni! Bí o ò bá pe orúkọ, ta ló máa mọ ẹni tó ń wàásù?"

Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Zulaikha sì ṣe é bó ṣe wí. Lẹ́yìn "Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o," ó pè é ní Àlùfáà Israfil ọmọ Àlùfáà Kareem. Kareem ni bàbá ọkọ wa, ó ti kú tipẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì náà tà nínú ààwẹ̀ yẹn bí ògì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè fún un: "Ẹ fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì obìnrin Gánà." Wọn ò dárúkọ Israfil. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ dìde.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí ni, Bàbá Dúrósinmí, olórí agboolé wa, tí etí rẹ̀ kan ti di nígbà náà. Israfil gbé rédíò kékeré kan wá, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ó kàn jẹ́ kó dún. Nígbà tí ohùn Zulaikha dé ibi "ọmọ Àlùfáà Kareem," ó pa á, ó wò wá yíká.

"Ṣé ẹ gbọ́? Orúkọ bàbá wa, lẹ́nu ìyàwó, lójú ọjà!"

Háà, ẹ wá wo àwọn ọmọ-osú, àwọn ọmọbìnrin ilé. Ọ̀kan káwọ́ lérí, ọ̀kan ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ará Gánà ta bàbá wa ní Takie!" Àwọn kan náà ló ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn, tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Zulaikha ní, "Àwọn ni wọ́n ní kí n pè é."

Mo dìde. Mo ní, "Eyínfúnjowó, ẹ̀yin lẹ ní kó pè é. Mò ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ wí bẹ́ẹ̀."

Ó rọra rẹ́rìn-ín sí mi. Èérún obì kan lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀. "Ìyá Anas, ẹ̀gúsí lẹ ń bó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ ń gbọ́. Ẹ jókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ìdájọ́ wọn ni pé obìnrin tó ṣe irú èyí kò yẹ kó dá ẹ̀rọ dì mú mọ́. Israfil ní ogún àbúrò òun ni ṣọ́ọ̀bù yẹn àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pé òun máa bá Ọlọ́run tọ́jú rẹ̀. Mo ní góòlù ìyá rẹ̀ ló fi rà á. Wọn ò gbọ́. Kó tó di ìrun Alásárì, wọ́n ti gbé rẹ́kọ́dà lọ sí yàrá Israfil, wọ́n sì fi àgádágodo tuntun sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo bá Zulaikha nínú yàrá rẹ̀, ó ń ká aṣọ. Mo ní ṣé Tàmalè ló fẹ́ padà sí ni.

"Lọ bá ta ni, Ìyálé? Ìyá mi ti kú. Níbẹ̀ báyìí, Ará Nàìjíríà ni wọ́n máa pè mí." Ó jókòó. "Bí mi ò bá rí ṣọ́ọ̀bù yẹn gbà padà, Bushrah ò ní í parí ìwé rẹ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ má bá mi sunkún, ẹ bá mi ronú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Israfil ṣe tọ́jú ogún àbúrò rẹ̀. Mo máa ń gbálẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Orí rẹ́kọ́dà ló ń gbé àwo ọbẹ̀ lé. Ọwọ́ tó fi ń jẹun náà ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó sá ẹja sórí rẹ̀ kí ológbò má bàa gbé e, eṣinṣin kún ibẹ̀ wìì. Mo rí eegun adìẹ níbi tí wọ́n ti ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ẹ̀rọ tí Zulaikha kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí lójú! Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́, itọ́ kún ẹnu mi, mi ò rí ibi tu ú sí.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Mo lọ sí Ọ̀yọ́ lọ kí àwọn èèyàn mi, mo sì yà sọ́dọ̀ Bọ́lánlé ní Ọwọ́dé. Kò jẹ́ kí n tíì jókòó dáadáa.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ yín gbé fún mi tà."

"Wáásí wo nìyẹn?"

"Wọ́n ní *Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ohun Opó* ni."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó wá fi sí ẹ̀rọ. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe wáásí. Ikọ́ ni. Ó ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó kó o jọ sẹ́nu, ó fi yí ẹnu ká, gbogbo wa sì gbọ́ ọ tó bọ́ sílẹ̀, "pọ̀tọ̀." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Èmi ni Àlùfáà Àgbà Israfil." Obìnrin kan tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé e kalẹ̀.

"Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," Bọ́lánlé ní. "Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ń gbà á. Wọ́n ń dá a padà fún mi, Màmá! Dẹ́rẹ́bà kan ní èyí kì í ṣe ojúlówó, pé àwọn olè ló dà á kọ, ohùn Ará Gánà dà? Mo ní àlùfáà yìí ló wàásù lóòótọ́. Ó ní bóun bá fẹ́ gbọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bàbá òun wà nílé."

Èmi àti òun jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ mọ́tò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wáásí yẹn ló ń dún létí mi. Ohun opó. Orí ohun opó ló jókòó lé tó fi wàásù pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ohun opó. Mo yọjú lójú fèrèsé mọ́tò, mo tutọ́.

Kò pẹ́ tí Israfil fi mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì òun kò tà. Ó tún ní kí wọ́n pè wá sọ́dọ̀ Mọ́gàjí. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ti mu omi.

"Zulaikha, ohùn rẹ nìkan la fẹ́. Ọ̀rọ̀ tó o máa ń sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn. Kò ju kéèyàn lanu lọ."

"Mo gbọ́, Bàbá. Orúkọ ta ni kí n pè?"

Israfil fúnra rẹ̀ ló ti sọ lójú gbogbo ayé pé ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọkọ.

"Wá nǹkan kan pè," ó ní.

Zulaikha yíjú sí mi. "Ìyálé, kí lẹ̀yin ń pè wọ́n?"

"Eyínfúnjowó."

"Ta ló fún wọn?"

"Èmi ni, nígbà tí mo dé ilé yìí."

"Ṣé ìyàwó tó ti Gánà wá náà lè fún wọn ní tirẹ̀?"

Mọ́gàjí tẹ́ etí tó ń gbọ́. "Kí ló wí?" Mo tún un sọ fún un. Bàbá gbá itan rẹ̀. "Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni! Ta ni kò jẹ́ kó fún un látọjọ́ yìí? Àṣé ẹ ò tíì gba obìnrin yìí wọlé ni?"

Zulaikha kúnlẹ̀ dáadáa bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé.

"Bí wọ́n bá ń ṣàdúà fáwọn èèyàn," ó ní, "ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń tẹ́, Ọlọ́run sì ń gbà á. Atẹ́wọ́gbà ni èmi pe ọkọ mi."

"Àmín!" ni Mọ́gàjí ní. "Orúkọ ńlá!"

Inú Israfil dùn. Ó fi gbogbo eyín rẹ̀ hàn wá, dúdú àti pupa. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì níbẹ̀, ó ń dánrawò. Mo wo ọwọ́ yẹn. Mo rántí ohun tó ti gbà. Mo sọ ojú sílẹ̀ kíákíá.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe jáde, mo bínú sí Zulaikha. Mo ní ó ti fi ohùn rẹ̀ ta á lọ́rẹ, kò tilẹ̀ bèèrè ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ìyálé, ẹ ní sùúrù," ó ní. "Wọ́n ti gba ẹ̀rọ, wọ́n ti gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ náà mọ́ ọn."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun jáde: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ fetí sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o. Wáásí *Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ohun Opó*, láti ẹnu ọkọ mi, Atẹ́wọ́gbà." Ó dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn "opó," ó sì fa "gbà" yẹn gùn bí wọ́n ṣe ń fà á ní Tàmalè. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé opó ni Zulaikha. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọ̀yọ́ ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bọ́lánlé ránṣẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì ti tán, pé àwọn dẹ́rẹ́bà ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń tún un gbọ́, wọn kì í dé ibi wáásí rárá. Ó dé Takie. Israfil ń kọjá lọ pẹ̀lú agbádá funfun, agbèrò kan pariwo, "Ẹ kó ẹrù yín mọ́ra o, Atẹ́wọ́gbà ń bọ̀!" Israfil juwọ́ sí i, ó rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí.

Ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Ọjà Igbó ni ojú rẹ̀ ti là. Ó wàásù tán, ó ní ká ṣàdúà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin kan lẹ́yìn mi rọra ní, "Ẹ fi nǹkan sí i." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú, àwọn obìnrin ń ki ìborùn bọ ẹnu, àwọn ọkùnrin ń wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Israfil wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rí i tó yé e. Ó ká ìka rẹ̀ kò díẹ̀díẹ̀, àdúà ò sì tíì parí.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló ti dé iwájú Mọ́gàjí, òógùn ń kán ní imú rẹ̀ bọ́ sí irùngbọ̀n.

"Bàbá, obìnrin yìí ti bà mí lórúkọ jẹ́!"

"Kí ló pè ọ́?" ni Mọ́gàjí bi í.

Israfil fi apá agbádá nu imú rẹ̀.

Zulaikha kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi bi wọ́n. Kí ni mo pè wọ́n tó burú?"

"Orúkọ tó fún ọ lójú mi ńkọ́?" ni Mọ́gàjí ní. "Atẹ́wọ́gbà. Orúkọ tó dáa ni. Àbí kí ni ìwọ gbà, Atẹ́wọ́gbà?"

Títí Mọ́gàjí fi kú, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń bèèrè tàbí etí rẹ̀ tó di ló fà á. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-osú, èyí tó fẹsẹ̀ janlẹ̀ jù lọ́jọ́sí, ló kọ́kọ́ fẹ ẹ̀rín jáde nímú.

"Mo ní kí lo gbà?" ni Mọ́gàjí tún wí, ó tún gbé etí wá.

"Kó má pè mí mọ́," ni Israfil ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ. "Kó má pè mí ohunkóhun mọ́."

"Bí mo bá rí ẹ̀rọ mi àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi," ni Zulaikha ní, "kí ni mo tún fẹ́ pè wọ́n sí? Màá padà sídìí Kásẹ́ẹ̀tì Ilé mi. Mi ò ní í gba wáásí wọn sílẹ̀ mọ́, mi ò sì ní í dárúkọ wọn níbì kankan."

Mọ́gàjí ní, "Lọ gbé e wá."

Ó lọ gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Zulaikha bí ẹni gbé ìdọ̀tí, kò kí ẹnikẹ́ni. A ṣí i. Aáyán sá jáde láti inú rẹ̀, àgbà àti ọmọ wọn. Epo ti dì sára àwọn bọ́tìnnì. Ìpẹ́ ẹja wà níbẹ̀, èérún obì wà níbẹ̀, ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ti gbẹ, tí mi ò fẹ́ mọ̀. Zulaikha fi òwú àti sípíríìtì nù ún, ó nù ún, ó nù ún. Kò sunkún nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Nígbà tó rí i báyìí ló sunkún. Òórùn ẹja yẹn kò lọ pátápátá títí ẹ̀rọ náà fi gbó.

Bushrah parí ìwé rẹ̀, ó di tíṣà. Ìyẹn ti yanjú. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni bí ọkùnrin náà ṣe padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí Zulaikha tún ṣọ́ọ̀bù ṣí, ó ń gba Kásẹ́ẹ̀tì Ilé tuntun sílẹ̀, mo wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀gúsí mi. Ó ti sọ pé "Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o," ẹ̀rọ ń yí, ni Israfil bá yọjú wọlé, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń jẹ obì. Ó ní òun wá ṣàdúà fún ṣọ́ọ̀bù. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

Mi ò pè é lórúkọ. Mi ò tilẹ̀ pè é ní Eyínfúnjowó. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn:

"Ṣíọ̀!"

Ọwọ́ rẹ̀ já bọ́. Ó yí padà, ó lọ. Zulaikha wò mí, ó wo ẹ̀rọ tó ń yí. Kò pa á rẹ́. Ó ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ: ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, èló ni iṣu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e dé Àbíjàn. Wọ́n ní àwọn kan níbẹ̀ a máa bi ara wọn léèrè pé ta ni ìyá tó pòṣé nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe é.

Èmi ni.